Ta Ló Ni Aláìsàn Tó Ti Kúrò ní Shika?

Àwọn baba wa tí wọ́n pa á lówe pé àrùn là á wò, a kì í wo ikú, kò sí àní-àní pé àrùn tí ń bá ènìyàn wọ̀yá ìjà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan ni ó wà lọ́kàn wọn nígbà náà, irú èyí tí ó jẹ́ pé, bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́ díẹ̀, yálà kí ara aláìsàn yá kí á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè, tàbí kí ilẹ̀ lanu kí á káwọ́ lérí sunkún. Ṣùgbọ́n àrùn tí ó gbòde ní ayé tiwa yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, kòkòrò apa sójà ara, àti èyí tí a ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde lára ọmọdé, àlejò tí kì í dá ọjọ́ tí yóò lọ ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá wọ ilé rẹ̀ yóò bá wọn jí, yóò bá wọn sùn, yóò bá wọn rìnrìn àjò, fún oṣù mẹ́fà, fún ogún ọdún, tàbí títí di ọjọ́ alẹ́. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí oníṣègùn, bí ó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó, lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta wò tán, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo tí aláìsàn fojú kan dókítà ni àrùn náà ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe ní ọjọ́ 89 tí ó kù, tí kò sí ẹni tí yóò bi í pé ṣé ó lo oògùn rẹ̀ lónìí.

Ẹnì kan ni mo fẹ́ kí ìjọba fi sí àárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, nọ́ọ̀sì sì ni ẹni náà. N kò sọ nípa nọ́ọ̀sì tí ó jókòó sí wọ́ọ̀dù tí ó ń retí kí wọ́n gbé aláìsàn wá bá a; èyí tí mo ń wí ni nọ́ọ̀sì tí a fi àwọn aláìsàn kan lé lọ́wọ́ ní orúkọ ní orúkọ, ní ojúlé ní ojúlé, tí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni a ó bi bí ọ̀kan nínú wọn bá di àwátì. Ìlú Zaria ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun tí ó ṣe aláìní rẹ̀ níbẹ̀ kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn ohun tí ó ní.

Zaria, Zazzau ìlú Amina, ọba-obìnrin ajagunṣẹ́gun, kì í ṣe ìlú tí ilé ìwòsàn wọ́n. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, tí àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ Ajílété, àwọn Ọ̀fà ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, àwọn Ìlọrin Àfọ̀njá àti àwọn Ìjẹ̀ṣà oṣómàáló ti sọ ẹrù kalẹ̀ sí Sabon Gari, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n bímọ, tí àwọn ọmọ náà sì ń sọ Hausa bí ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn Kofar Doka, ni ìwòsàn ìgbàlódé náà ti ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Dókítà Walter Miller, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ti ń ṣiṣẹ́ nínú odi ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kó iṣẹ́ náà jáde lọ sí Wusasa ní 1929, níbi tí ọsibítù St Luke's wà títí di òní, níbi tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon pẹ̀lú ti dàgbà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ahmadu Bello, tí ó wà ní Tudun Wada nígbà kan, ti ṣí lọ sí Shika ní ojú ọ̀nà Funtua, tí ó fi Samaru sẹ́yìn. Ọsibítù Hajiya Gambo Sawaba, tí a fi orúkọ akíkanjú obìnrin òṣèlú ọmọ Zaria náà sọ, wà ní Kofar Gayan. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀ sì wà ní Saye. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ńlá ni í mú ara le, ara gbogbo ará Zaria ì bá le koko.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ojú inú wo ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Sabon Gari. N kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ó bá jókòó fún ìgbà díẹ̀ níbi tí a ti ń gba káàdì ní ọsibítù èyíkéyìí yóò rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá ní àdéhùn ní Shika, kí ìrun àsùbáà tó parí ni ó ti wà ní Kwangila tí ó ń dúró de ọkọ̀, ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó kó káàdì mẹ́ta sí, ọ̀kan ti Shika, ọ̀kan ti ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀, ọ̀kan ti ilé ìwòsàn aládàáni tí ọmọ rẹ̀ gbé e lọ lóru ọjọ́ kan, pẹ̀lú páálí oògùn tí ó ti ṣófo, tí ó ń tọ́jú nítorí pé kò mọ orúkọ oògùn náà bí kò ṣe àwọ̀ páálí rẹ̀. Ó gba nọ́ńbà, ó jókòó, oòrùn yọ, oòrùn mú. Nígbà tí ó wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà tí kò rí i rí ni ó bá níbẹ̀, tí ó ń bi í ní gbogbo ohun tí dókítà ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti bi í, kì í ṣe pé kò láájò, èrò tí ó kún ẹnu ọ̀nà ni kò jẹ́ kí ó rí àyè ka fáìlì. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ga. Wọ́n fi oògùn kan kún oògùn. Wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó yà ní kẹ́míìsì, ó ra ti ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ibi tí owó èlùbọ́ mọ nìyẹn. Nígbà tí orí fífọ́ dáwọ́ dúró, ó ní ara òun ti yá. Lóṣù kejì, wọ́n pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣaláìsí. Ó di ẹrù, ó lọ, ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nídìí ìnáwó, ọjọ́ àdéhùn sì kọjá lórí rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ wà ní Shika, oògùn rẹ̀ wà ní kẹ́míìsì, àgbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́wé-ọmọ, ìyá fúnra rẹ̀ wà nínú mọ́tò láàárín Jẹ́bà sí Ìlọrin; kò sì sí ẹnì kan ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pínyà. Lọ́jọ́ tí apá rẹ̀ òsì bá kọ̀ tí kò gbé mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó ní ayé ló ṣe é.

Ayé kò ṣe é. Ẹ kò sì gbọ́ kí n di ẹ̀bi ru dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kankan nínú ìrìn àjò rẹ̀ yìí, nítorí pé olúkúlùkù wọn ni ó ṣe iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Àlàfo tí ó wà láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì ni ìyá náà já sí, nítorí pé a kò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan ni ó ni àlàfo náà ńkọ́? Kò ní dúró de ìyá náà ní ọsibítù. Yóò lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, yóò ní, "Mama, ẹ kú ọjà o, ẹ jẹ́ kí n rí páálí oògùn yín," yóò ka ẹyọ tí ó kù, yóò sì mọ̀ láìbi í pé kò lo oògùn láti ọjọ́ Jímọ̀. Yóò so ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá mọ́ ọn lápá lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, yóò kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan ṣoṣo tí yóò wà lọ́wọ́ ìyá náà. Bí ìfúnpá bá ga ju bí ó ti yẹ lọ, ìlànà tí a ti kọ sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sọ iye tí ó lè fi kún oògùn àti ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Shika. Bí owó oògùn bá sì ni ìṣòro, òun ni yóò pe ọmọ Mama tí ó wà ní Kano sórí fóònù, tàbí kí ó wá oògùn tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Yóò bi í léèrè àgbo tí ó ń mu, yóò sì bi í láìfajúro, nítorí pé ẹni tí ó bá bá àgbàlagbà wí nítorí àgbo kò tún ní gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láé. Nígbà tí Mama bá sì ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, yóò ti mọ̀ kí ó tó di ẹrù, yóò fún un ní oògùn tí yóò tó o dé, yóò sì fi nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kò sí idán kankan nínú gbogbo èyí. Iṣẹ́ tí ọmọ tí ó bá gbé nítòsí ìyá rẹ̀, tí ó ní àyè, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn, ìbá ṣe ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ìyá wa ni ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítòsí?

Kì í ṣe ohun tí a kò ṣe rí ní ilẹ̀ wa ni mò ń wí. Láàárín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ìlú Ọ̀wá Obòkun, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá òun ni ẹ̀mí wọn ti fẹ́ bọ́ tán kí wọ́n tó dé ẹnu géètì, àti pé ohun tí ń pa wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, otútù àyà, ibà, àti àìjẹunre kánú, kì í ṣe àrùn tí ó ń béèrè ọgbọ́n awo bí kò ṣe kí ẹnì kan tètè rí i. Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ìmèsí-Ilé, ìlú kékeré tí òkè yí ká, ó sì fi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kì í ṣe pé kí wọ́n máa gbé abẹ́rẹ́ tẹ̀lé dókítà lẹ́yìn, bí kò ṣe pé kí wọ́n máa yẹ ọmọ wò, kí wọ́n máa fún un lóògùn, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa fa ìlà sórí káàdì kan tí ó ń fi hàn bí ọmọ náà ti ń sanra tàbí bí ó ti ń gbẹ. Ìlà tí kò bá gòkè mọ́ lórí káàdì ti kéde kí ojú lásán tó rí i pé nǹkan fẹ́ ṣe ọmọ náà.

Káàdì yìí, ìyá ọmọ ni ó ń mú un lọ sílé nínú ọ̀rá. Àwọn amòye kan ìgbà náà lérò pé àwọn ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù, tàbí pé wọn yóò fi dáná. Ohun tí ó hàn nígbẹ̀yìn ni pé ìyá mọ ìwé tọ́jú ju kíláàkì ọsibítù lọ. Láti Ìmèsí-Ilé ni káàdì náà àti ọ̀nà ìtọ́jú náà ti tàn ká ayé, dé Éṣíà, dé Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìyá tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ wọ̀n lónìí ní ilẹ̀ tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà wà láyé, ìmọ̀ tí a ṣe ìdánwò rẹ̀ lára ọmọ Ìmèsí ni ó ń jẹ. Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì pé ilẹ̀ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti jáde tún ni ilẹ̀ tí a ti ń jiyàn lónìí bóyá nọ́ọ̀sì tó ẹni tí à ń fi aláìsàn lé lọ́wọ́.

Zaria fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀rí tirẹ̀, ẹ̀rí náà sì wúwo. Láàárín 1976 sí 1979, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison, ọmọ Abonnema, fi sùúrù kọ ìbímọ 22,774 sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọsibítù Yunifásítì Ahmadu Bello, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1985. Abiyamọ tí ó kú nínú wọn lé ní 230. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye yẹn nìkan ni ó yẹ kí ó dun ni. Ohun tí ó yẹ kí á máa rò lórí ibùsùn ni pé àwọn tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ láti inú oyún, tí wọ́n ń wá fún àyẹ̀wò, tí wàhálà kankan kò sì bá oyún wọn, ikú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí wọn mú, nígbà tí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, tí wọ́n gbé dé nínú ìrora lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí wọ́n ti ń rọbí nílé, ni ó kú jù. Ọsibítù kan náà ni, àwọn dókítà kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kò yàtọ̀. Mo mọ̀ pé Harrison fúnra rẹ̀ tẹnu mọ́ àìmọ̀wé àti òṣì, àti pé obìnrin tí ó tètè forúkọ sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ rọ̀ lọ́rùn díẹ̀. N kò ní fi ọwọ́ bo ìyẹn. Síbẹ̀, òṣì náà ni ó tún béèrè pé kí ẹnì kan máa lọ sílé olóyún, dípò kí á máa retí kí olóyún tí kò ní owó mọ́tò wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí á tún yà ní Saye, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ta mí lára jù. Nígbà tí ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe bá bẹ̀rẹ̀ oògùn olóṣù mẹ́fà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé, ẹnì kan wà tí a yàn láti máa wò ó bí ó ti ń gbé oògùn mì, a ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní oṣù tí ó yẹ, bí kò bá sì yọjú, a ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Nàìjíríà ni wọ́n ń wá sí Zaria láti wá kọ́ ọgbọ́n yìí. Ìlú tí ó ń kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè bí a ti ń tọ́jú aláìsàn títí dé ìparí, kí ló dé tí kò fi ìmọ̀ kan náà tọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ní ẹ̀yìn ògiri kejì? Ìdáhùn náà korò, ṣùgbọ́n kò le láti rí: ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa ran ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ràn. Ẹni tí àrùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa ni à ń tọ̀pa, ẹni tí àrùn rẹ̀ kò kọjá ara tirẹ̀, a ní kí ó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Irọ́ sì tún wà nínú rẹ̀, nítorí pé rọpárọsẹ̀ tí ó bá gbé ìyá kan ṣánlẹ̀ a máa ràn dé orí owó ilé ìwé ọmọ, dé orí ìsọ̀ ọjà, dé orí ọmọbìnrin ilé tí yóò fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa gbé ìyá sókè gbé e sílẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ ti nọ́ọ̀sì ní Zaria ju ibòmíràn lọ. Nínú odi ìlú, láti Kofar Kuyambana dé Kofar Doka, ọ̀pọ̀ obìnrin ilé ni ó wà ní ẹ̀há, tí kì í jáde lọ́sàn-án láìgba àṣẹ baálé, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kò sì lè kọjá zaure, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbáwọlé tí baálé ti ń gba àlejò ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì obìnrin yóò kí sálámà, wọn yóò dá a lóhùn láti inú, yóò bọ́ bàtà rẹ̀, yóò sì bá àwọn ìyàwó àti ìyá ọkọ lórí ẹní nínú àgbàlá, níbi tí yóò ti rí nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ ohun tí fáìlì Shika kò lè rí láéláé: ta ni ó ń sebẹ̀, báwo ni iyọ̀ àti magí ti pọ̀ tó nínú rẹ̀, ta ni ó ń di owó oògùn mú, èwo nínú àwọn ọmọ ni ó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kì í bá àwọn yòókù sáré. Kí ó tó di ọ̀sán, òun kan náà lè ti padà sí Sabon Gari kí ó máa fi Yorùbá bá baba arúgbó kan jiyàn lórí ẹmu. Irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Zaria. Wọ́n bí wọn síbẹ̀, èdè méjèèjì sì yọ̀ lẹ́nu wọn.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú àwọn dókítà wa máa ń sọ, pé bí a bá fún nọ́ọ̀sì láṣẹ láti kọ oògùn, a ti já ìjánu iṣẹ́ ìṣègùn. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àwàdà, nítorí pé a ti rí ohun tí oníjìbìtì ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ní ojúlé aráàlú. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tí ó ní ìwé àṣẹ, tí ó ń tẹ̀ lé ìlànà tí dókítà fúnra wọn kọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ oníjìbìtì. Ní Ghana, àwọn oníwádìí mú ilé ìtọ́jú 32, wọ́n rí i pé gbogbo aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó wà nínú wọn ní ìwé ìbánigbófò ìlera, wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní apá kan nínú àwọn ilé náà láti máa gba aláìsàn nímọ̀ràn, kí wọ́n sì máa fún wọn lóògùn. Nígbà tí ọdún yí po, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2018 ti wí, ìfúnpá òkè wálẹ̀ ní ìwọ̀n 20 àti díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú, àti nǹkan bí 17 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ náà kò ga bí òkè Olúmọ, n kò sì ní bù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ pé nọ́ọ̀sì yóò pa aláìsàn, kí ó wá fi ibi tí ikú náà wà hàn wá. Ní South Africa pẹ̀lú, ìwádìí tí ó jáde ní 2010 fi hàn pé ìtọ́jú kòkòrò apa sójà ara kò mẹ́hẹ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ju bí ó ti rí lọ́wọ́ dókítà. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìlànà kan ní 2014 pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ẹni tí ó bá sì rò pé nọ́ọ̀sì kò lè ṣe olórí nínú ọ̀rọ̀ ìlera, kí ó bi àwọn àgbà Ìbàdàn àti Èkó léèrè Kofoworola Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ Métírọ́ọ̀nù ní UCH, ọsibítù yunifásítì tí ó wà ní Ìbàdàn, tí ó tún jẹ́ olórí gbogbo nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí ó sì ṣe kọmíṣọ́nnà ìlera ní Èkó.

Nọ́ọ̀sì tí kò lè fi ẹyọ oògùn kan kún oògùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rán aláìsàn padà lọ jókòó ní Shika, ìránṣẹ́ ni, kì í ṣe alámòójútó, èmi kò sì gba ìjọba nímọ̀ràn láti ná kọ́bọ̀ lé irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ibi tí ẹsẹ̀ wa ti ń yẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, gbé ìtọ́jú alábọ́dé lọ bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó kọ́ òṣìṣẹ́, ó kọ ìlànà lé wọn lọ́wọ́, ìpìlẹ̀ rere sì ni; àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́ ilé lé e lórí ni wọn kò ra síméńtì. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 2009, ìjọba àpapọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ láti kó àwọn agbẹ̀bí lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́dé 652 ní àwọn ìgbèríko, tí ọsibítù ńlá 163 yóò máa gbà wọ́n lẹ́yìn. Ìlànà náà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Àmọ́ ìjọba mẹ́ta ni wọ́n ní kí ó san owó oṣù agbẹ̀bí kan: ìjọba àpapọ̀ 30,000 náírà, ìjọba ìpínlẹ̀ 20,000, ìjọba ìbílẹ̀ 10,000. Ẹni tí ó bá mọ Nàìjíríà yóò ti mọ ibi tí ìtàn náà yọrí sí. Ti àpapọ̀ dé, àwọn kan nínú ìpínlẹ̀ san díẹ̀ wọ́n dákẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ìjọba ìbílẹ̀ kò san ohunkóhun, ilé tí agbẹ̀bí yóò sùn kò ní iná kò ní omi. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, agbẹ̀bí náà kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí ìlú ńlá.

Àwọn tí kò padà sí ìlú ńlá ti lọ sí ìlú Ọba. Ní oṣù kejì 2024, Àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí fi ìwé síta pé ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí láti fi lọ sí òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì sì jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè so ẹsẹ̀ ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò jẹun dé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Èyí tí ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún níbẹ̀ ni pé, láti nǹkan bí 2004, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń yan àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé àwọn tí àrùn pípẹ́ méjì mẹ́ta ń bá fínra kiri láti ilé dé ọsibítù, kí wọ́n má baà máa wọlé jáde ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ wa tí a kò fún ní kẹ̀kẹ́ láti dé Gyallesu ní Zaria ń wa ọkọ̀ ìjọba kiri Manchester, ó ń kan ilẹ̀kùn ìyá ẹlòmíràn.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna ń bi, n kò ní sọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì péré, Zaria àti Sabon Gari, ti tó fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2014 ti ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé, àjọ ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Kaduna náà sì wà níbẹ̀ tí ó ń gba owó. Kí owó oṣù nọ́ọ̀sì alámòójútó ti inú àpò kan ṣoṣo jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín in sí mẹ́ta. Kí ilé ìtọ́jú alábọ́dé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ 150 sí 200 wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó ní kẹ̀kẹ́ àti epo, kí dókítà kan ní Shika jẹ́ ẹni tí ó lè pè nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, kí lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ kí aláìsàn tí ó bá rán wá kọjá síwájú láìtò.

Kí á má sì bi àwọn nọ́ọ̀sì náà léèrè iye ìpàdé tí wọ́n ṣe tàbí iye fílà tí wọ́n fi orúkọ gómìnà sí. Ohun tí ó yẹ kí á bi olúkúlùkù wọn nìyí: nínú àwọn orúkọ tí ó wà nínú ìwé rẹ, mélòó ni ìfúnpá wọn ti wálẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, mélòó ni ó sì di àwátì? Kí wọ́n lẹ ìdáhùn mọ́ ara ògiri ilé ìtọ́jú náà ní gbogbo oṣù mẹ́ta, ní Hausa, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì náà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òun pẹ̀lú bá sì fẹ́ lọ ìsinmi, tàbí tí ó fẹ́ bímọ, kí orúkọ ẹni tí yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà lórí ògiri kí ó tó lọ.